Ẹ Má Wò Ó

Ní Láfẹ̀nwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
Ọ̀gá Ṣódẹ̀índé fi òòlù kan ẹ̀yìn Píjò bàámi.
Ibi tó yè dún gbín-ín.
Ibi tó kú dún bí páálí tí òjò pa.
Ó ń kàn án lọ, ó ń fi ẹfun fa ìlà yí ibi tó kú ká,
ẹfun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ fi ń kó?"
Yanrìn ni.
Abẹ́ òkúta ni wọ́n pe ìlú wa, yanrìn la fi ń kọ́ ọ.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàámi fi kó o ní tútù
láti etí odò lọ sí Ọbáńtokò, sí Àdàtán, sí Kútọ̀,
omi ń kán lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì,
èèyàn lè tọ ipa omi náà dé ilé ẹni tó ń mọlé.
Ilé tiwa nìkan la ò tíì rẹ́.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.
"Ògùn ló jẹ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ògún.
Ohùn lásán ló là wọ́n láàárín."

Màámi ti ní ká tà á fún àwọn tó ń wọn irin ní kílò.
Wọ́n ti dá owó lé e,
owó tí kò lè ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá.
Mo ní n ó rò ó. Mo wà á wá síbí,
mò ń gbọ́ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń jábọ́ sọ́nà díẹ̀díẹ̀.

Tíámíyù tan gíráńdà.
Iná ń ta pàràpàrà sórí bàtà rẹ̀ tó ti yanu.
Wọ́n gé ìpẹtà náà kúrò bí a ti ń gé ibi tó rà lára iṣu,
abẹ́ rẹ̀ la ti rí i:
àjákù pátákó irin kan tí ẹnì kan fi lẹ ihò,
lẹ́tà pupa ṣì wà lára rẹ̀, ó dorí kodò:
A Ń TÚN AAGO Ṣ

Ojú ibi tí wọ́n ti jó o rí bí ìgbẹ́ ewúrẹ́.
"Ajórin wo lèyí?" Tíámíyù bú sẹ́rìn-ín.
N ò dá a lóhùn. Mo mọ ọwọ́ náà.
Lọ́dún tí mo fẹ́ wọ ilé-ìwé olùkọ́ni,
ó wọlé lóru ọjọ́ kan, àtàǹpàkò rẹ̀ bó,
ó ní ìkòkò ló jó òun,
bàámi, tí kì í dáná.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná fa ojú jíjó náà.
"Kò dáa," ó ní. "Àmọ́ ó dì í mú."
Ó nu ẹfun ibẹ̀ kúrò, ó fa ìlà gba ibòmíràn.

Páànù tuntun dé, áńgùùlù mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀.
Ó kọ́kọ́ fi iná tọ́ ọ ní tó, tó, tó,
bí télọ̀ ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so aṣọ
kó tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ.
Wọ́n mú iná lọ.
A jókòó. Rélùwéè kọjá,
gbogbo irin inú ọgbà náà dá a lóhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
Iná dé.
"Ẹ má wò ó o."

Mo wò ó.
Mo fẹ́ rí ibi tí irin méjì ti ń di omi
kí wọ́n tó gbà láti jẹ́ ọ̀kan.

Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì pa dé dáadáa,
àfi kéèyàn fi ẹsẹ̀ ta á. Ọ̀gá ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Lóru, ojú mi ń ta bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i.
Omi ń dà.
Màámi tan tọ́ọ̀ṣì, ó gé ànàmọ́ tútù lé mi nípèéǹpéjú,
Màámi tó rí mi létí sàréè lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn,
tójú mi gbẹ bí àpáta.
"Fẹ́hìntọ́lá, ṣé o ti wá ń sunkún ẹ̀ báyìí?"
Mo ní iná àwọn ajórin ni mo wò.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ó dáa," ó ní. "Ìkòkò ló jó ọ."